Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú: Ǹjẹ́ Èyí Tuntun Lè Bá Àwọn Tí A Ti Mọ̀ Dọ́gba?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti tírà. Ti owó ni, owó gbogbo wa sì ni. Láti ìgbà tí a ti fẹnu kò pé a ó dá kíláàsì kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níhìn-ín ní Ijoku, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ìpàdé wa parí lásìkò mọ́. Àwọn kan mú ìròyìn wá pé kọ̀ǹpútà tuntun kan ti jáde, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ, tí iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì iye àwọn tí a mọ̀. Wọ́n ní kí á ra mẹ́wàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ ní rárá, ohun tí a bá mọ̀ ni kí á rà. Níkẹyìn wọ́n ní kí àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. Ohun tí a rí rèé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná kò ṣókùnkùn. Láti 2015 ni JAMB ti fi ìwé àti bírò sílẹ̀ pátápátá. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ ìwé dunjú ni ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Òótọ́ ni pé JAMB fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ máòsì lò. Lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù ti tó láti fi ṣe ìdánwò tán: A, B, C àti D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí èèyàn kò bá tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ náà, orí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n wà. Ẹni tí fóònù nìkan ni ó mọ̀ yóò ṣì máa wá N kiri nígbà tí aago ń lọ. Bí a bá fi owó yìí ra ohun tí kò ṣiṣẹ́, ọmọ tí ó yẹ kí ó wọ yunifásítì lọ́dún tí ń bọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà bọ́ọ̀dù kan? Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró rí ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ bọ́ọ̀dù: pátákó pẹlẹbẹ, aláwọ̀ ewé lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n fi òjé jó àwọn èròjà kéékèèké mọ́ lára. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì, bọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun púpọ̀. A lè yọ ìrántí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RAM, kí á fi òmíràn sí i, a sì lè yọ ibi tí ó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Nínú kọ̀ǹpútà bọ́ọ̀dù kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti jó mọ́ ojú kan náà. Kò ní àpótí, kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò sì ní bátìrì. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò wá ìyókù. Ẹ fi gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ń ba ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú irú wọn ni Raspberry Pi. Ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dín kù, àwọn tí ó sì ń wá kò mọ inú ẹ̀rọ bí ti àtijọ́. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2009, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀dù wọn sọ́jà ní ọjọ́ 29 oṣù February 2012, ní 35 dọ́là. Ìrántí tí ó ní nígbà náà kò ju 256 MB lọ, fóònù ọwọ́ ọmọdé òní jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀ èrò ya bò ó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní London ní June 2024, iye tí wọ́n ti tà ti kọjá 60 mílíọ̀nù.

Ní báyìí, kí ni àwọn tuntun ti ṣe sí i? Ìtàn CHIP ni a fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa bí ìbejì. Ní May 2015, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Oakland ní ìpínlẹ̀ California, Next Thing Co., kéde pé àwọn yóò ta kọ̀ǹpútà ní dọ́là mẹ́sàn-án. Dọ́là mẹ́sàn-án! Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ san owó sílẹ̀ kí àwọn tó ṣe é, bí ẹni tí ń dá àjọ. 50,000 dọ́là ni wọ́n ń wá. Ohun tí aráyé kó fún wọn lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, láti ọwọ́ àwọn èèyàn tí iye wọn tó 39,000.

Bí a bá gbé ìwé ìpolówó méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́dún náà, CHIP ni ẹnikẹ́ni yóò mú. Ó ní WiFi àti Bluetooth lára, èyí tí Raspberry Pi kò ní títí di 2016. Ó ní ìrántí 512 MB. Ó ní 4 GB láti kó iṣẹ́ pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, tí kò fi nílò mẹ́mọ́rì káàdì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ojú ibi tí a lè ki bátìrì bọ̀ sí i. Àwa gan-an ìbá rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọn kò fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Kò ní ojú ibi tí a ń ki wáyà HDMI bọ̀. Okùn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo mọ́nítọ̀ ìgbàlódé ní láti ra ohun ìsopọ̀ tí ó jẹ́ dọ́là 15. Mẹ́sàn-án àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Kí ọdún náà tó parí, ní November 2015, àwọn ará Cambridge gbé Raspberry Pi Zero jáde ní dọ́là márùn-ún, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé ìròyìn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi èrè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan láìkú. Ọmọdé tí kò ní aṣọ tó àgbà kò lè bá a fà á. Ní 2018 Next Thing Co. wọlé, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé. Àwọn tí ó ti ra CHIP kò rí ẹni pè mọ́. Àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n sáré da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ kí wọ́n tó pòórá, kí bọ́ọ̀dù tí ó wà lọ́wọ́ wọn má baà di òkúta.

A kò sọ èyí láti fi pa àwọn tuntun lẹ́nu mọ́. Orange Pi, tí ilé-iṣẹ́ Xunlong ń ṣe ní ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, kò kú. Lọ́dún 2015 kan náà ni wọ́n ta Orange Pi PC ní dọ́là 15, ó sì lágbára ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iye wọn ga jù ú lọ. Wọ́n ṣì ń ṣe òmíràn títí di òní. Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni sọ́fítíwíà. Bọ́ọ̀dù dára, ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi mú un sọ̀rọ̀ kò dán mọ́rán nígbà náà. Àwọn èèyàn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Armbian, kí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi wé èyí: ẹni tí ó bá ra Raspberry Pi àkọ́kọ́ ní 2012, tí kò tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣì lè rí sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe tí yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá!

Nítorí náà ìdáhùn wa sí ìbéèrè ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Bí ó bá jẹ́ ti agbára àti iye owó lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni, èyí tuntun lè bá àwọn àgbà dọ́gba, ó sì ti borí wọn nígbà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí yóò dá wa lóhùn lọ́dún márùn-ún òní nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kò sí ohun tí ó lè fi ìyẹn hàn ju kí ọdún márùn-ún náà kọjá lọ. Ilé-iṣẹ́ tuntun kò sì lè fi owó ra ọdún.

Àwọn àgbà náà kò mọ́ látòkè délẹ̀ o. Láti 2021 títí wọ 2023, nígbà tí èròjà ẹ̀rọ wọ́n káàkiri ayé, Raspberry Pi di ohun tí a ń fi àtùpà wá. Ní October 2021, wọ́n gbé èyí tí ó jẹ́ 35 dọ́là lọ sí 45. Ní December 2025, wọ́n tún fi owó lé iye púpọ̀ nínú Raspberry Pi 5 nítorí pé ìrántí ti gbówó lórí. Ìgbà irú èyí ni àwọn tuntun máa ń rí ọ̀nà wọlé, ẹni tí ó bá sì rà wọ́n nígbà náà kì í ṣe òmùgọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún kìlọ̀ ohun kan kí á tó kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù kékeré ni kọ̀ǹpútà tí a lè fi kọ lẹ́tà. Raspberry Pi Pico tí ó jáde ní January 2021 ní dọ́là mẹ́rin, àti Arduino tí àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n wà fún títan iná àti pípa á, fún wíwọn ooru, fún yíyí mọ́tò. Milk-V Duo ti 2023 ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà lóòótọ́, kò sì tó dọ́là mẹ́wàá nígbà tí ó jáde, ṣùgbọ́n ìrántí 64 MB ni ti àkọ́kọ́ rẹ̀ ní, kò sì ní ojú ibi tí a ó so mọ́nítọ̀ mọ́. Bí oníṣòwò bá fi irú èyí hàn yín tí ó ní kọ̀ǹpútà ni, kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò ní lè fi múra JAMB sílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè wa náà ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí rí. Ní 2005, Nicholas Negroponte láti Amẹ́ríkà kéde kọ̀ǹpútà ọmọ ilé-ìwé tí yóò jẹ́ 100 dọ́là. Ìjọba Ọbásanjọ́ ní àwọn yóò ra mílíọ̀nù kan. Ní 2007, wọ́n dán an wò ní ilé-ìwé kan ní Galadima lẹ́bàá Abuja, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ náà fi ṣetán, iye rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti ìlérí, ìjọba ti yí padà, Intel sì ti gbé Classmate tirẹ̀ dé láti bá a du ọjà náà. Mílíọ̀nù kan náà kò dé. Iye tí a gbọ́ lọ́jọ́ ìkéde àti iye tí a san lọ́jọ́ ìrajà, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àwa tí a ń ná náírà tún ní ìṣirò kejì. Ní 2012, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 160 náírà. Bọ́ọ̀dù 35 dọ́là kò ju 5,600 náírà lọ nígbà náà, láìka owó ọkọ̀ àti ti èèbùtè. Ní 2024 dọ́là kọjá 1,500. Dọ́là 35 kan náà ti di 52,500 náírà ó kéré tán. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń kọ olówó pọ́ọ́kú sára ẹ̀rọ, kí á máa bi ara wa pé lápò ta ni.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ibí yìí ni a ti rò pé bọ́ọ̀dù kékeré yóò borí, ìṣirò sì yà wá lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì lè jẹ wáàtì 100 láìka mọ́nítọ̀. Raspberry Pi 4 ń jẹ nǹkan bí wáàtì 3 sí 7. Mọ́nítọ̀ kan ń jẹ nǹkan bí 20. Mẹ́wàá orí tábìlì pẹ̀lú mọ́nítọ̀ wọn yóò gba wáàtì 1,200. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Bọ́ọ̀dù mẹ́wàá pẹ̀lú mọ́nítọ̀ yóò gba 270, yóò sì gbé ìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé mọ́nítọ̀ ni ó ń jẹ iná náà, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Láátóòpù tòkunbọ̀ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 30, yóò gba 300. Ìyàtọ̀ 30 wáàtì péré! Láátóòpù sì ní bátìrì nínú: bí NEPA bá mú iná, ọmọ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù yóò kú lójú ẹsẹ̀.

Kíkú lójú ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe eré. Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí ti ra Raspberry Pi kan ṣáájú, a sì jọ ń lò ó ní yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Orí mẹ́mọ́rì káàdì ni irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ń kó gbogbo ohun tí ó mọ̀ sí. Bí iná bá lọ nígbà tí ó ń kọ nǹkan sínú káàdì, ohun tí ó ń kọ lè dàrú, kí ẹ̀rọ má sì lè jí mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Ìgbà kẹta ni a lọ ra káàdì mìíràn ní ọjà kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ 64 GB sí i lára. Ohun tí a kó sínú rẹ̀ kò tíì pé 8 GB tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì wa. Ayédèrú ni. Oníṣòwò náà ní òun kò rí wa rí. Láti ìgbà náà ni a ti kọ́ láti fi sọ́fítíwíà yẹ káàdì wò, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí á tó kúrò ní ìsọ̀. Bí oníṣòwò kò bá fẹ́ dúró dè yín, ẹ gba owó yín. Ọ̀nà sì wà láti mú kí bọ́ọ̀dù máa ka káàdì nìkan láìkọ nǹkan sí i. Ó wà nínú ètò Raspberry Pi fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣe é, iná lè lọ ní ìgbà ogún láìsí ewu.

Níbo wá ni bọ́ọ̀dù kan ti wúlò fún wa? A rí ibì kan tí láátóòpù kò lè fi bá a dọ́gba. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Kolibri, tí àjọ Learning Equality gbé jáde ní 2017. Ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti kó o sínú ẹ̀rọ. Kiwix náà wà, tí ó lè gbé odindi Wikipedia wọ inú káàdì, ti èdè Yorùbá pẹ̀lú. Bí a bá kó wọn sórí Raspberry Pi kan ṣoṣo, tí a gbé e sórí pẹpẹ, tí a sì ní kí ó máa pín WiFi tirẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè fi fóònù wọn wọ inú rẹ̀ láìra dátà rárá. Kò nílò mọ́nítọ̀, kò nílò kíbọ́ọ̀dù. Pawabáǹkì tí ó dára lè gbé Raspberry Pi 3 fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn Asalátù ọjọ́ Àìkú, tí NEPA kò bá sí, ẹ̀kọ́ kò ní dúró.

Ohun tí fóònù kò lè kọ́ wọn ni lẹ́tà mẹ́jọ tí a sọ lókè. Fún ìyẹn, kíbọ́ọ̀dù gidi ni a nílò, láátóòpù tòkunbọ̀ sì ni ó kéré ní owó jù lọ bí a bá ka mọ́nítọ̀, ṣájà, káàdì, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti wáyà mọ́ iye bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò dùn ún wò, kí á má jẹ́ kí ó dà wá láàmú. Ní Kutọnu àti ní Togo, àwọn ọ̀dọ́ ti kó èròjà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20, èyí tí a fi ń pọn omi, wọ́n sì ń pe kọ̀ǹpútà náà ní Jerry. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí.

Ohun tí a gbé síwájú ìgbìmọ̀ rèé: kí á fi ọ̀pọ̀ owó náà ra láátóòpù tòkunbọ̀ márùn-ún láti Computer Village ní Ìkẹjà, ní ìsọ̀ tí yóò kọ rìsíìtì, kí á ra Raspberry Pi kan pẹ̀lú káàdì ojúlówó méjì, ọ̀kan fún ìlò, ọ̀kan fún ẹ̀dà, kí á sì ra ọ̀kan péré nínú bọ́ọ̀dù tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́, kí àwọn tí ó mú ìròyìn rẹ̀ wá lò ó fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣe sínú ìwé. Bí wọ́n bá lè mú un ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́, a ó tún jíròrò.

Ẹni tí ó bá ní mọ́nítọ̀ tí ó ti gbé jù sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ojú wáyà rẹ̀ bá jẹ́ HDMI, kí ó gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ VGA, aláwọ̀ búlúù tí ó ní ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó ṣì gbé e wá, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún wa ṣáájú, kí á lè ra ohun ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ọjà náà.